Ata Tí A Sá Sórí Pápá Bàálù

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà jáde, mo sì lo ìgbà díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó wá jókòó ti ìyá mi nídìí ata. Láti ìgbà náà, ohun tí mò ń kọ kò ju àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù lọ, ìyẹn náà sì máa ń kúrú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ibi tí mo ti fo nǹkan, ẹ bá mi fara mọ́ ọn. Ẹnu mi kì í yá láàárín èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé bí ẹ bá ní kí n dìde sọ ọ́, ilẹ̀ ni n ó máa wò.

Pápá kan wà lọ́dọ̀ wa, láàárín Ìbà àti Okokomáíkò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pápá Bàálù. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lójú títì ńlá tó lọ sí Badagry, tí ẹ sì sọ fún ọlọ́kadà pé Pápá Bàálù lẹ̀ ń lọ, kò ní bi yín léèrè ohunkóhun mọ́. Àjèjì tó bá débẹ̀ á máa wò yíká pé bàálù dà. Kò sí bàálù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀nà gbọọrọ kan tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́, tó la àárín pápá kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí koríko ń yọ ní ibi tó ti sán. Iyanrìn ló wà lọ́tùn-ún rẹ̀, iyanrìn ló wà lósì. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó rí ibi ìjókòó oníkọnkéré kan bí àtẹ̀gùn, tí kò ní òrùlé. Olóṣèlú kan ló ní òun fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré ńlá fún wa. Ó kọ́ ibi ìjókòó yẹn, ó ya fọ́tò níwájú rẹ̀, a ò sì rí i mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Mò ń lọ sí sítédíọ̀mù," nígbà tó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ lọ jókòó tẹ fóònù ni.

Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn pápá náà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ní ìgbà ogun abẹ́lé, àwọn ṣọ́jà ló ń lo ibẹ̀, pé bàálù kéékèèké tí ìyẹ́ wọn tínrín bíi ti tata máa ń balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn bàbá kan ládùúgbò sọ pé rárá o, àwọn ṣọ́jà òyìnbó ló tẹ́ kọnkéré náà nígbà ogun Hítílà, àwọn ṣọ́jà tiwa kàn wá bá a nílẹ̀ ni. Mi ò lè sọ èwo ló jẹ́ òótọ́. Ohun kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé koríko máa ń ga gan-an ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bàálù, àti pé àwọn obìnrin àdúgbò ni àwọn ṣọ́jà pè láti máa gé e. Ìyá tó bí Ìyá Àgbà wà nínú wọn. Àdá ni wọ́n fi ń gé e, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbá ojú kọnkéré kí òkúta wẹ́wẹ́ má baà ta wọ inú ẹ̀rọ bàálù. Bí bàálù bá ń bọ̀, ṣọ́jà kan á fọn fèrè, á sì máa pariwo pé kí wọ́n sá. Àwọn obìnrin á ki eré mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà kúrò níbẹ̀, kọnkéré kò bá wọn lọ. Oòrùn á pa á láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, èèyàn ò ní lè fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń gbá a tẹ́lẹ̀ mọ bó ṣe máa ń gbóná tó, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá nǹkan síbẹ̀: ẹ̀gẹ́, aṣọ, ata. Bọ́ọ̀lù náà, ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gbá a nírọ̀lẹ́. Bí wọn ò bá pé, wọ́n á pe àwọn ọmọkùnrin àdúgbò pé kí wọ́n wá dí àyè. Ṣọ́jà lọ, àwọn ọmọkùnrin kò lọ. Bí pápá bàálù ṣe di pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn, láìsí ẹni tó gé ríbọ́ọ̀nù. Àárọ̀ di ti àwọn obìnrin, ìrọ̀lẹ́ di ti àwọn ọkùnrin.

Òfin kan wà lórí pápá náà tí ẹnì kankan kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Ẹni tó sá ata ni yóò kó o. Bí kò bá sí nítòsí, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ rán ni yóò bá a kó o. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni. Wọ́n ní nígbà kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tó ń kánjú gbá ata àwọn obìnrin jọ sójú kan. Ata ìyá kan wọ inú ti ìyá míì, ìjà yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé méjì ká. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti fi òfin lélẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yí gorí tàpólì tí wọ́n sá ata sí, ẹni tó gbá a á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bọ́ọ̀lù." Bí ìyá náà bá ń tòògbé, gbogbo wọn á dúró títí yóò fi jí. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ jí ìyá mi bí ẹni tó ń jí ọmọ jòjòló.

Ìyá mi máa ń ra ata ṣọ̀mbọ̀ lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Alaba Rago, lápá ibi tí àwọn alágbò wà. Èmi ni mò ń sá a, tí mò ń yí i, tí mò ń ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Iṣẹ́ tó bá mi lára mu ni, nítorí kò gba ariwo.

Bọ́ọ̀lù ni ohun kejì tó bá mi lára mu. Láti kékeré ni mo ti ń gbá a. Àwa ọmọbìnrin àdúgbò máa ń gbá a ní òpópónà wa, láàárín gọ́tà méjì, a fi òkúta méjì ṣe òpó gólì. Bí kẹ̀kẹ́ màrúwá bá ń bọ̀ a ó dúró, bí bọ́ọ̀lù bá kó sí gọ́tà a ó fi igi yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni olórí wa. Ẹnu rẹ̀ máa ń yá fún èmi àti òun. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin kan láti Ọ̀tọ̀-Àwórì ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. Inú wa dùn, àfi ìgbà tí a rántí pé a ò ní ibi tí a ó ti gbà wọ́n lálejò. Ṣé láàárín gọ́tà méjì?

Ọ̀rẹ́ mi bá lọ bá ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọkùnrin wẹ́dà kan tó ń jó irin ni, ó dàgbà jù wá lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń gbọ́ lórí pápá. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrọ̀lẹ́ kan péré la fẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ bá wa lára mu."

Ó ní, "Láti ṣe kí ni?"

"Láti gbá bọ́ọ̀lù ni."

Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bọ́ọ̀lù tàbí tẹ̀ǹtẹ́n, eré ọmọbìnrin?" Òmíràn ní, "Ẹ gba ìgbálẹ̀ dání o, ẹ ó bá wa gbálẹ̀ bí ẹ bá ṣe tán."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹgbẹ́ tó bá borí ló ń dúró sórí pápá. Ẹ wá, ẹ borí, ẹ ó dúró."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fún wa láyè ká wọlé rí, báwo la ṣe máa borí?"

"Ó dáa náà. Pápá ọkùnrin ni. Ẹ lọ wá tiyín."

Ọ̀rẹ́ mi sunkún délé. Èmi ò sunkún, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun. Bí àwọn ará Ọ̀tọ̀-Àwórì bá gbọ́ pé a ò ní pápá, wọn ò ní wá, àwọn ọmọbìnrin tiwa náà á sì tú ká. Méjì nínú wọn ti ń sọ pé ó ti sú àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ láàárọ̀. Ata mi kò gbẹ dáadáa. Ìyá mi ti lọ sí Alaba Rago, èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàpólì wa láàárín ọ̀nà bàálù gan-an, níbi tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó kù ti ń kó tiwọn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dé, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Ọ̀gá wọn wá síwájú mi.

"Àbúrò, ó yá, bá wa kó ata yín."

Mo fẹ́ dìde. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn, bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sí mi, ara mi á ti gbéra kí n tó ronú. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo tún jókòó. Mo na ọwọ́, mo yí ata kan, mo yí òmíràn.

Mo ní, "Kò tíì gbẹ."

"Ehn?"

"Ata. Kò tíì gbẹ."

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo èmi. "Oòrùn wo ló ń bọ̀ wá gbẹ ẹ́ báyìí? Aago mélòó ló lù?"

Mo ń yí ata.

Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ kó fa etí tàpólì náà. Gbogbo wọn ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé orí ẹ pé ni? Fi sílẹ̀!" Ó yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ìgbà yẹn ni agbára òfin náà yé mi. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi wà lókè níbi ìjókòó, ó rí gbogbo rẹ̀. Kíákíá ni òun mọ ohun tó kàn. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, ó sọ nǹkan sí i létí, ìyá rẹ̀ sì gbé abọ́ sílẹ̀. Ó tún gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin míì lọ, àti òmíràn. Kò pẹ́, gbogbo ọmọbìnrin tó ń bá wa gbá bọ́ọ̀lù ti jókòó síbi ohun tí ìyá rẹ̀ sá. Ẹ̀gẹ́ kò gbẹ. Aṣọ kò gbẹ. Aṣọ tó ti gan láti ọ̀sán!

Kò sí bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí ìrì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ la tó kó nǹkan wa. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìwà yìí? Ìwọ tí ò lè kí àlejò!" Ìyá Àgbà tó wà lórí ibùsùn rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Má bá a wí. Lọ́la, èmi náà máa sá nǹkan."

Lóòótọ́ ló wá. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání, ó sì sá ìborùn rẹ̀ kan ṣoṣo sí àárín ọ̀nà bàálù. Ìborùn náà kò tutù rárá. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù dé, tí wọ́n tún bá wa ní ìjókòó, ọ̀gá wọn lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá wa bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò jẹ́ ká lo pápá wa."

"Pápá ta ni?"

"Ti àwa agbábọ́ọ̀lù, Màmá."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìka nu omi ojú. "Ìyá mi gé koríko ilẹ̀ yìí nígbà tí bàbá tó bí ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń nu imú. Ẹ̀yìn ìyá mi ni àbúrò mi wà, èmi di ìró rẹ̀ mú, a jọ sá fún bàálù níbi tí o dúró sí yẹn. Àwọn obìnrin ló gbá a mọ́ kí ohunkóhun tó balẹ̀ síbẹ̀. Ìwọ wá ní pápá ọkùnrin ni?"

Ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn ké jáde pé, "Màmá, bàálù náà dà? Ó ti pẹ́ tó ti lọ o!"

Ìyá Àgbà ní, "Ọgbọ́n orí tìẹ ló gbé lọ. Kò tíì padà dé."

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an ló rẹ́rìn-ín jù, wọ́n ń lu ọ̀dọ́ náà lẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ohun gbogbo rọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá wọn dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀, ó sì kọjú sí àwa, kì í ṣe sí Ìyá Àgbà mọ́.

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ wo?"

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù."

Ọ̀rẹ́ mi wò wá. Gbogbo wa sì dáhùn pọ̀ pé, "Kò tíì gbẹ!"

Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀. Ó ròkè ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tiẹ̀ wò yíká bóyá ẹlòmíì ni.

"Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ńkọ́?"

"Kò tíì gbẹ!"

Àwọn tó wà níbi ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. "Fún wọn jàre! Ilẹ̀ ń ṣú! A fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù!" Ẹgbẹ́ ọ̀gá pàápàá ti ń rojọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ họ orí, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Ó ní, "Ó dáa. Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin màmá, mo sọ ọ́ níwájú yín." Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ó wá yí padà sí mi, ó ní, "Ṣé ata ti wá gbẹ báyìí, àbúrò?"

Mo wo ata. Mo ní, "Ó ti gbẹ, sà." Mo dìde, mo sì kọ́kọ́ kó tèmi.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, àwọn ará Ọ̀tọ̀-Àwórì kún inú màrúwá, wọ́n ń kọrin bọ̀ láti ojú títì. Wọ́n ga jù wá lọ, jẹ́sì wọn bára mu. Tiwa kò bára mu, ọ̀rẹ́ mi ló fi òwú funfun rán nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Láti ọ̀sán ni àwọn ìyá ti kó ẹrù wọn kúrò lójú ọ̀nà bàálù láìjẹ́ pé ẹnì kankan bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin kún ibi ìjókòó fọ́fọ́. Àwọn kan wá ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ̀. Ọ̀gá wọn ló fọn fèrè fún wa, ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹlòmíì wá ba eré náà jẹ́.

A jìyà níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lu òpó gólì wa, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ilé fún wa sì fi àyà gba bọ́ọ̀lù kan tó dun gbogbo wa. Kò pẹ́, ohùn àwọn tó wá ṣe yẹ̀yẹ́ yí padà. Mo gbọ́ ọ̀kan tó ń pariwo pé, "Ẹ máa gbé e lọ sápá ọ̀tún, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!" Inú bí i sí àwọn ará Ọ̀tọ̀-Àwórì bí ẹni pé ó bí wa.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ ní etí kọnkéré. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń gbá a. Mo tì í síwájú, mo gba ojú ọ̀nà bàálù, mo sáré. Kọnkéré ṣì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò rí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lókè ohùn gbogbo èèyàn:

"Bàálù ń bọ̀! Ẹ sá fún un! Bàálù ń bọ̀ o!"

Ẹnì kan fẹ́ gbà á lẹ́sẹ̀ mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀rẹ́ mi ti dúró síwájú òpó gólì wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo gbá a sí i. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tì í wọlé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ariwo ọjọ́ náà. Àwọn ọkùnrin fò sílẹ̀ láti ibi ìjókòó, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi sókè, wọ́n fẹ́ gbé èmi náà, mo sá. Ìyá mi, tó ní òun kò ní wá, di mí mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣì ní ata lára, ojú mi ń ta mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló dúró títí tí wọ́n fi fọn fèrè. Àwọn ará Ọ̀tọ̀-Àwórì bọ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ló kàn. Ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù ní, "Ẹ rántí o, ẹgbẹ́ tó bá borí ló ń dúró sórí pápá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ má pẹ́ dé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó jí, mo rìn lọ sí Ìyànà-Ìbà, níbi tí ọkùnrin kan ti máa ń to bàtà òkìrìkà sílẹ̀ lórí àpò. Kò tíì tò ó tán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọ bàtà agbábọ́ọ̀lù kan láàárín wọn, mo fi ẹsẹ̀ sí i, mo tún fi ẹsẹ̀ kejì sí èkejì.

Ó ní, "Ọmọkùnrin wo lo fẹ́ rà á fún?"

Mo ní, "Èmi fúnra mi ni." Mo san owó rẹ̀, mo so okùn rẹ̀, mo sì wọ̀ ọ́ rìn lọ sílé.